Ilẹ̀kùn Tó Ń Padà Wá Sínú Mẹ́nù

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé o ti ń jẹun báyìí, àbí o ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí orúkọ tí mo ń pè ọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ara èmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

O mọ̀ pé nígbà tí mo gba ìkànnì tí bàbá yín fi ń ta ilẹ̀kùn, mi ò mọ̀ ju kí n tan kọ̀ǹpútà lọ. Ibẹ̀ sì ni oúnjẹ mi wà. Nǹkan mẹ́rin péré ló wà nínú mẹ́nù òkè rẹ̀: Ilé, Ilẹ̀kùn, Fèrèsé, Pè Wá. Ìgbà tó yá ni olùkọ́ kan tó fẹ́ rajà pè mí. Ó ní, "Màmá, kí ni 'Ó Kù Díẹ̀' tó wà nínú mẹ́nù yín? Mo tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo rí, kò ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ̀rù bà mí, mo yáa pa á dé." Kò rajà mọ́ o.

Mo yọ nǹkan náà kúrò. Ó padà. Mo tún yọ ọ́, ó tún padà, ilẹ̀kùn inú àwòrán náà sì ti ní ọwọ́. Mo mọ pákó yẹn: ilẹ̀kùn tí bàbá yín ń ṣe lọ́wọ́ ni. Orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ló wà láti ọjọ́ tí bàbá yín ṣubú tí kò dìde mọ́, mo sì ti ibẹ̀ pa. Mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ilẹ̀kùn náà ti ní ọwọ́ lóòótọ́. Mo tún ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sáré wálé.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn yìí ni mi ò lè sọ fún ọ nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́sí nítorí mẹ́nù. O ní mẹ́nù ò bàjẹ́, pé èmi ni mo fi àmì sínú àpótí kékeré tó ní kí gbogbo ojú-ewé tuntun máa wọ mẹ́nù fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀lẹ ló mú mi ṣe é. Mo yọ àmì náà bí o ti kọ́ mi. O wá ní kí n wo orúkọ ẹni tó ń ṣe ojú-ewé náà. Orúkọ bàbá yín ni. O ní olè ló jí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí n pa orúkọ bàbá yín rẹ́ nínú ìkànnì náà kíákíá. Ó rọrùn lẹ́nu rẹ, ọmọ mi. Lójú tèmi, ńṣe ló dà bíi kí n tún sin ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Àmọ́ àwọn oníbàárà ń sá, mo yáa jókòó tì í lọ́sàn-án àná. Bí mo ṣe ní kó pa á rẹ́ ni kọ̀ǹpútà bi mí: iṣẹ́ tí ẹni yìí ti ṣe, ṣé ká dà á nù, àbí ta ni ká gbé e fún? O ò sọ fún mi pé á béèrè bẹ́ẹ̀. Mo sunkún. Mi ò lè da iṣẹ́ rẹ̀ nù. Mo mú orúkọ ara mi.

Mo tún yọ "Ó Kù Díẹ̀", mẹ́nù wá mọ́ tónítóní. Mo sì sun oorun gidi, irú èyí tí mi ò sùn láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ.

Láàárọ̀ yìí, ó ti di márùn-ún. "Ó Ti Parí" ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn inú àwòrán náà sì ti ń dán. Kò sí àmì nínú àpótí yẹn mọ́, nítorí náà, ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sínú mẹ́nù. Mo wo orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ tèmi ni.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó ṣọ́ ọkọ àtàwọn ọmọ, kí ohun tí yóò já yín láyà má mọ ilé yín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Má sọ fún mi mọ́ pé olè ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọṣẹ fọwọ́, fánííṣì tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, tó wà lábẹ́ èékánná mi, ò tíì lọ.