Ẹrù Dé, Kò Pé

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Bí o bá ń ka ìwé yìí lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó, nítorí èmi náà jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀fun tó ń dùn ọ́ ti san? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn á máa ṣọ́ ọ. Èmi náà wà. Orúnkún ò jẹ́ kí n dìde kíá, ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní ọdún méjì tí mo lò nílé ìwé, kì í ṣe àgbàlá ni mo fi ń gbá. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, o mọ ọwọ́ tó kọ ọ́.

Ògiri ilé ìdáná tún ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wá fi igi tì í, àwa méjèèjì la jọ ń fara ti igi báyìí. Adìẹ dúdú yé ẹyin mọ́kànlá, mẹ́ta péré ló pa. Ó rẹ̀ mí. Ilé yìí kò ju yàrá mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá yín ti kú ló ti gùn bí ọ̀nà oko.

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú ń bí ọ, o kàn ń fi ẹ jọ̀ọ́ Màmá bò ó mọ́lẹ̀ ni. O ní nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sínú ìwé awakọ̀, ọ̀gá yín ti di owó oṣù awakọ̀ náà mú, ó sì ń wo ìwọ náà bí ẹni tó jí nǹkan, torí ìwọ akọ̀wé wọn lo fi ẹrù mi sínú tírélà wọn. O ní kí n buwọ́ lu ìwé tuntun tó o fi ránṣẹ́, kí n kọ ọ́ pé ẹrù pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. O wá to gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tírélà sílẹ̀ kí ó lè yé mi. Ó yé mi. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí o tó pè mí ní alágídí.

Ọ̀sán ni tírélà náà dé. Ó gùn débi pé iwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ aránṣọ. Mo ti múra, inú mi ń dùn pé tírélà ọmọ mi ló dé. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, sìmẹ́ǹtì! Sìmẹ́ǹtì láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀dì mi àti fóòmù mi àti àga mi wá há sí igun kan bí ẹni tó wá tọrọ. Mo bi awakọ̀ pé ta ló ni sìmẹ́ǹtì. Ó ní ẹlòmíràn ni, ní ìlú iwájú. Ó ní ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ ló ń gba odindi ọkọ̀, àwọn yòókù á da tiwọn pọ̀, wọ́n á jọ pín owó ọ̀nà. Mo ní ṣé ọmọ mi ò tó gba odindi ọkọ̀ ni? Ó ní Màmá, bẹ́ẹ̀dì kan ò lè kún tírélà. Mo ní bẹ́ẹ̀dì kan àti àga kan ni.

Ó wá yọ ìwé tí ẹ̀ ń pè ní wébíìlì jáde. Ó ní ibikíbi tí ẹrù bá ń lọ, ìwé yìí ló ń bá a rìn, òun ló ń sọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí yóò gba ẹrù. Ó fi ìka tọ́ ọ fún mi. Orúkọ rẹ wà lókè, tèmi wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan, fóòmù kan, àga kan wà láàárín wa. Ó ní kí n buwọ́ lù ú pé ó pé, kò sì ní àbùkù.

Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ò ní àbùkù nígbà tí n kò tíì sùn sórí rẹ̀? Ogójì ọdún ni mo fi ta ẹ̀wà, mi ò ra àpò kan rí láìki ọwọ́ bọ ìdí rẹ̀. Ó ní wákàtí méjì péré ni wọ́n fún òun láti já ẹrù, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìdúró á bẹ̀rẹ̀, ẹni tó dá ọkọ̀ dúró ni yóò san án. Mo ní ta ló dá a dúró? Mi ò di táyà mú. Mo bu oúnjẹ fún un, ó jẹ, ó tún bù kún un. Mo bi í bóyá mo gba owó ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé. Nígbà tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, mo lọ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, kí n kàn gbọ́ bó ṣe rí lẹ́yìn.

Ọmọ mi, mo sùn. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, ojú mi kàn ń pa dé ni, kì í sùn. Lọ́jọ́ náà mo sùn títí oòrùn fi rọ̀ sẹ́yìn igi. Nígbà tí mo jí, awakọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lórí itan. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti wá wò bóyá mo ń mí. Ṣùgbọ́n kò jí mi. Ẹni tó bí ọmọ yẹn bí ènìyàn.

Ó ní kí n dúró ti bẹ́ẹ̀dì kí òun fi fóònù ya àwòrán tí ọ́fíìsì yóò fi mọ̀ pé ẹrù dé. Mo pààrọ̀ aṣọ, mo dúró, mo sì kí ọ dáadáa nínú fóònù náà kí ó tó gbé e kúrò. Aránṣọ ní àwòrán kì í gbé ọ̀rọ̀. Mo ní ṣé òun ló ni fóònù?

Ìgbà náà ni awakọ̀ fún mi ní bírò. O ò mọ bí a ṣe ń ṣe é láyé tiwa. Orí àpò ẹ̀wà wa nínú ọkọ̀ la máa ń jókòó sí, àwa obìnrin mẹ́fà, méje, kí òjò rọ̀ kí oòrùn ràn. Ẹni tó di ẹrù ló ń tẹ̀lé ẹrù. Bí ẹrù bá dé tí ẹni tó ni ín ò sí lórí rẹ̀, a kì í sọ pé ẹrù dé, a máa ń jókòó ni, ká bèèrè pé kí ló ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i. Ẹrù ọ̀rẹ́ mi dé, òun ò dé mọ́ láéláé. Nítorí náà mo wo iwájú tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, mo wo ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì. Níbi tí ìwé ti bèèrè ohun tó kù, mo kọ ọ́ pé: Kò pé, ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Awakọ̀ kà á, ó di orí mú.

O kọ ọ́ pé ẹ fi nǹkan kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tó wà fún yín, ogójì tírélà, ẹ mọ èyí tó yà mu omi. Fi ọ̀kan sínú báàgì rẹ, kí o fi èyí tí wọ́n fi ń wò ó ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí kò wúwo ni o. O tún ní ẹ máa ń wọn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó kún àti nígbà tó ṣófo, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹrù wọ̀n. Ìyẹn yé mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi náà ti wọn ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti buwọ́ lu ìwé tuntun náà, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Mo kọ ọ́ pé ẹrù pé, ọwọ́ awakọ̀ sì mọ́, torí ìyá tirẹ̀ náà lè máa retí owó oṣù yẹn. Kí ọ̀gá yín má rò pé mo bẹ òun o. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ nìyẹn, nítorí iṣẹ́ rẹ ni.

Má fi fáànù tó o ṣèlérí ránṣẹ́. Fi owó rẹ̀ wọ ọkọ̀. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, mú un wá ká fi tún ògiri ilé ìdáná mọ, kí o sì ra òróró ìpara fún orúnkún mi, èyí tó ń ta ni kí o rà. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mo fi ojú ara mi rí i. O ní ohun tó ń dun ọ̀gá yín jù ni kí ọkọ̀ gbé ẹrù wá síbí kó sì padà lófìfo. Nígbà tí o bá ń padà, màá di ẹ̀wà sí i. Bẹ́ẹ̀dì náà gba ènìyàn méjì, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ń sùn sí.

Ọ̀nà ò ní í dí mọ́ ọ. Ẹrù tó ju orí rẹ lọ ò ní í mọ ilé rẹ. Bí o ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tìrẹ náà yóò máa fi ránṣẹ́ sí ọ, yóò sì máa tẹ̀lé e wá.

Mo ti buwọ́ lu irọ́ fún ọ. Wá sọ ọ́ di òótọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
ẹni tí yóò gba ẹrù.