Ohùn Bubu Tó Bọ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ilé Àǹtí Torika,
Raiwaqa,
Suva.
Sátidé, 14 Oṣù Kẹta, 2026.

Kelera mi,

"Ulamila, ẹnu Bubu ń mì nínú fídíò, ohùn ò jáde! Kí lo fi ọwọ́ rẹ ṣe?" Ohun tí Àǹtí Torika pariwo mọ́ mi nìyẹn, kò tíì pé wákàtí kan. Mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, orí korobá ni mo jókòó lé tí mo ń kọ eléyìí.

Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé ara ìyá yín ti ń yá ní Labasa? Ṣé oúnjẹ ilé ìwé yín ti dùn díẹ̀? Ṣé wọn ò tíì gbà kí ẹ lo fóònù?

Àǹtí ló ṣètò ìpàdé kan ní yunifásítì, lórí òkun tó ń gba ilẹ̀ wa. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará erékùṣù tí kò lè wá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn oníkámẹ́rà ńlá ti wọ́n jù. Ni èmi bá ní fóònù méjì ti tó: ọ̀kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn fún àwòrán, tèmi nínú àpò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ohùn. Màá wá pa wọ́n pọ̀ nílé. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní ẹnjiníà, èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Fọ́ọ̀mù Kẹrin.

Ti gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ dára, àfi ti Bubu Asenaca, ìyá àgbà láti Kadavu tí òkun ti bo abúlé rẹ̀ àtijọ́. Ó ka orúkọ gbogbo ilé tó wà lábẹ́ omi báyìí, àti àwọn tó ni wọ́n. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ wọ́n tán. Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àwọn ará ilé rẹ̀ máa jókòó wò ó.

Kelera, ó yẹ kí n yọ síìmù. Mi ò yọ ọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí màmá mi ti pè gbẹ̀yìn láti oko èso ní Australia, mo ń retí rẹ̀. Ó wá pè nígbà tí fóònù wà lápò Bubu, bí fóònù ò ṣe gba ohùn mọ́ nìyẹn. Orúkọ ilé mẹ́rin péré ló wọlé. Fóònù ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ò gbọ́ ju òjò orí páànù lọ.

"Àbí o gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ ni?" Àǹtí bi mí.

Mo parọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹnjiníà asán. Ṣé kí n ní kí wọ́n máa wo ètè lọ́la?"

Mo ní ká lọ bẹ Bubu kó tún un sọ, torí Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ máa gbéra. Àǹtí ní ojú ò tì mí. Ó ní ta ló ń lọ sọ fún àgbà pé òun sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, láìgbé yaqona dání, gbòǹgbò tí a fi ń bẹ àgbà, láìsí ọkùnrin ilé tó máa báni sọ ọ́? Bọ̀ọ̀dá Àǹtí tó lè bá wa sọ ọ́ sì wà ní Lautoka lọ́hùn-ún. "Ká kúkú dákẹ́," ló wí, ló bá bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Bá mi kí ìyá yín àti gbogbo ilé. Kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ yìí á ti parí, bó ṣe wù kó parí. Ìdì yaqona kan wà nílé ìdáná. Láàárọ̀ ọ̀la, bí wọ́n bá ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbé e lọ bá Bubu ní Nabua níbi tó dé sí, màá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹnu èmi ọmọbìnrin yìí ni màá fi bẹ̀ ẹ́. Tó bá lé mi, ó lé mi. Mi ò ní sọ fún Àǹtí. Ẹni tó sì pè, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún wọn, màmá mi fúnra rẹ̀ ò ní gbọ́ ọ láéláé.

Tìrẹ ni mí, bí mo ṣe bàjẹ́ tó,
Ulamila.