Ojú-Ìwé Àwọn Ìyá Tamílọ́rẹ Méjèèjì

Èmi, Felix Ọlátúbọ̀sún Ògúnjìmí, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, olùgbé Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, akọ̀wé ìpamọ́ fáìlì tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi. Ẹni tó bá ní arúgbó ti ń ṣarán, kí ó wá wo bí mo ṣe to àwọn ìwé mi. Gbogbo ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú, mo fagi lé wọn. Ọmọbìnrin mi Kúnbi àti lọ́yà mi Abdulmajeed ni yóò mú èyí ṣẹ.

1. Fúláàtì tí mo ń gbé di ti Kúnbi àti àbúrò rẹ̀, Ọlámipọ̀sí, lọ́gbọọgba. Wọn kò gbọdọ̀ tà á nítorí ìjà. Bí wọ́n bá fẹ́ jà, kí wọ́n jà nínú rẹ̀, àyè wà.

2. Ológbò mi, tí mo sọ ní Fáìlì, di ti Sirajudeen, aládùúgbò mi. Ó rò pé n kò mọ̀ pé òun ń ju ẹja sí i láti ojú fèrèsé. Mo mọ̀.

3. Kọ̀ǹpútà mi di ti Kúnbi, ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó, tó sì pariwo mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

4. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ wíkì àdúgbò wa ni mo fi sílẹ̀ fún Ṣíjúadé Olúfọlákẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni yóò jẹ́ alábòójútó lẹ́yìn mi. Èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wíkì yìí jẹ́ ìwé orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni láti Òkè-Àfá dé Bọ́ládé lè kọ sí, tí ẹlòmíràn sì lè tún un ṣe. Èmi àti Ṣíjúadé la dá a sílẹ̀ lọ́dún 2018, kí ìtàn àwọn ará àdúgbò má bàa sọnù. Òfin tí mo gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ tí àdúgbò ń pe ènìyàn ni yóò jẹ́ àkọlé ojú-ìwé rẹ̀. Ṣíjúadé ní rárá, orúkọ tí òbí sọni ló yẹ. A fà á títí, mo sì borí, nítorí ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà. N kò kábàámọ̀ òfin yẹn. Bí o bá béèrè Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ Ọláyanjú ní Bọ́ládé, wọn yóò máa wò ọ́. Béèrè Ìyá Tamílọ́rẹ tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ọmọdé yóò mú ọ dé ìsọ̀ rẹ̀.

Àbúrò Ṣíjúadé ni obìnrin náà. Ìyá Tamílọ́rẹ mìíràn sì wà ní Òkè-Àfá, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé. N kò mọ̀ nígbà náà pé méjì ni wọ́n. Lọ́dún 2022, mo rí ojú-ìwé kan tó ń jẹ́ Ìyá Tamílọ́rẹ àti òmíràn tó ń jẹ́ Ìyá Tamílọ́rẹ Kejì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì. Níbi iṣẹ́ wa, bí orúkọ kan bá wà lára fáìlì méjì, a ó so wọ́n pọ̀ ni, a ó sì mú èyí tó tín-ín-rín kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. N kò ka ìlà kan nínú èyí tí mo pa rẹ́, tó jẹ́ ti Bọ́ládé.

Tamílọ́rẹ ti Bọ́ládé kú ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣí fóònù láti fi ojú-ìwé rẹ̀ han oníbàárà kan, ohun tó kà níbẹ̀ ni pé Tamílọ́rẹ ti parí yunifásítì, ó sì ti ṣègbéyàwó. Ó ti ìsọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó lọ sílé.

Ṣíjúadé wá bá mi. Ó ní kí n dá ojú-ìwé náà padà, kí n sì fi orúkọ àbísọ àbúrò òun ṣe àkọlé rẹ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́ lójú Sirajudeen ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní òfin ni òfin. Ó jáde, kò sì padà wá láti ọdún mẹ́ta yìí. Ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Àárò rẹ̀ ń sọ mí lójoojúmọ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo ka ohun tí mo pa rẹ́, nítorí wíkì máa ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Ìlà méjìlá péré ni Ṣíjúadé kọ. Mo sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Bọ́ládé láti bẹ obìnrin náà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí mú. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti borí, pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ni n ó kọ. Ó mi orí. Ó ní, “Bàbá Kúnbi, ẹ má yọ Tamílọ́rẹ kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń pè mí nìkan ni orúkọ ọmọ mi ń jáde lẹ́nu ènìyàn.”

Àgbà méjì fi ọdún mẹ́ta bínú lórí orúkọ obìnrin yìí. Kò sí èyí tó bi í léèrè nínú wa.

5. Nítorí náà, mo ti dá ojú-ìwé náà padà. Àkọlé rẹ̀ ni Ìyá Tamílọ́rẹ, Bọ́ládé. Èkejì ni Ìyá Tamílọ́rẹ, Òkè-Àfá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀ mọ́. Kí a tó sọ ojú-ìwé alààyè kankan lórúkọ, kí a kọ́kọ́ bi onítọ̀hún léèrè.

6. Ojú-ìwé tèmi, kí Ṣíjúadé kọ ọ́, kí ó sì kọ àṣìṣe yìí sí i láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó mọ̀wé kọ jù mí lọ. Ibí yìí nìkan ni n ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣíjúadé, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìsọlọ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, lójú ẹlẹ́rìí méjì tí n kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún. Lọ́yà ní kí kálukú kọ orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì kọ tirẹ̀, ó sì tún kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Felix Ọlátúbọ̀sún Ògúnjìmí

Ẹlẹ́rìí kìíní: Mùktárù Abdulwasiu

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ Ọláyanjú
Ìyá Tamílọ́rẹ