Adélékan, Ọdún Mẹ́ta Rèé Tí O Ti Wà ní Southport

Mọ̀múdù Adélékan, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ! Ọdún mẹ́ta gbáko tí o wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dublin, tí o ní o fẹ́ bá àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí fẹsẹ̀ rìn yí Southport ká, ìlú etíkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ní ọkàn rẹ kò dáa, kí o sinmi. Mọ́pẹ́ ìyàwó rẹ ní kí o sinmi. O kọ etí ikún sí wọn, o ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, wọn kì í fi ọkàn rìn. Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù!

Inú ń bí wa sí ọ. Kí á má parọ́ fún òkú. Àwọn ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí èèyàn wọn sùn re, ṣùgbọ́n ní ilé rẹ ní Tallaght ní Dublin, ìbínú ni a fi ń rántí rẹ. O jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí òkun, o kò dìde mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Sofiyullah àbúrò rẹ, tí ẹ jọ lọ, sin ọ́ síbẹ̀. Mọ́pẹ́ ń ké lórí fóònù pé kí wọ́n gbé ọ wá sílé, nítorí ìwé ìgbélùú tirẹ̀ kò tíì jáde, kò lè sọdá òkun. Sofiyullah ní, "Ìyàwó, òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ìwé." Ó sì pa fóònù. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Mọ́pẹ́ fi ṣe opó ọkọ tí kò fojú kan òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, omi ilé Sofiyullah ní Swords kò kan ẹnu rẹ̀.

Nǹkan ti yí padà, o kò rí i! Luas, ọkọ̀ ojú irin tí o ní wọn kò ní parí láéláé, ti dé Tallaght. Khalifa ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta ti ń kàwé fún ìyá rẹ̀. Iman ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ọmọ Tallaght ló fi ń dá wa lóhùn. Mọ́pẹ́ ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ó sì ń ṣe é. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá, físà England tẹ̀ lé e lóṣù tó kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ tó fi físà náà lọ bá, ìwọ ni.

Ó ní gbogbo ibi tí o rìn lòun yóò rìn. Sofiyullah nìkan ló mọ sàréè rẹ, nítorí náà ó di dandan kó bá òun àti Iman lọ. Mọ́pẹ́ ní kó máa rìn lẹ́yìn. Ìyá Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń mú àlejò kiri ìlú ló ṣáájú wọn, ó gbé agbòòrùn rẹ̀ sókè kí wọ́n má baà sọnù. Ó ń tọ́ka sí ilé, ó ń ka ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Mọ́pẹ́ ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú bí àwo, kò sí òkè kankan. Ó tún bínú: ibi tó tẹ́jú báyìí lo ti kú! Wọ́n dé orí afárá gígùn tó wọ inú òkun, òkun kò sí níbẹ̀. Omi ti fà sẹ́yìn, iyanrìn ni títí dé ibi tí ojú mọ.

"Ohun tó ní òun ń lọ wò nìyí?" ni Mọ́pẹ́ wí. "Iyanrìn?"

Sofiyullah na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì náà. Mọ́pẹ́ kò jókòó sórí rẹ̀.

Ní itẹ́ òkú, Sofiyullah dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má fi òkúta tàbí orúkọ sórí rẹ, pé súnnà, ìlànà Ànábì, ni. Sàréè mẹ́fà ló tò síbẹ̀ báyìí, koríko kan náà ló bo gbogbo wọn. Ọ́fíìsì itẹ́ òkú ti tì, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ọkọ̀ ojú omi wọn.

"Nígbà yẹn, ẹyọ kan ló wà," ni ó wí.

"Ah here, Uncle," ni Iman wí. "You're after losing me da?" Ṣé ó ti wá sọ bàbá òun nù ni?

Iman rò pé ìyá òun yóò gbá òun létí. Mọ́pẹ́ kàn ní, "Bọ̀dá Sofi, ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún." Ó kí sàréè kìíní ní "Àsàláámù aláékùmù," ó wá bẹ̀rẹ̀ ìjà tó ti ń dì sínú láti ọdún mẹ́ta: "Bàbá Iman, ẹ ò gbọ́ràn! Mo bẹ̀ yín, ẹ ò gbọ́! Ẹ fi èmi àti ọmọ méjì sílẹ̀ láìní ìwé!" Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ìwọ, ó bọ́ sí ìkejì, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkẹta. Ìkẹrin. Kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Nígbà tó fi dé ìkẹfà, ohùn rẹ̀ ti há. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí ọ láàárọ̀, ó ní, "Ẹ kú àtijọ́ o."

Adélékan, a kò mọ èwo ni ìwọ nínú wọn. A ó wádìí, a ó sì fi orúkọ rẹ síbẹ̀. Bí Sofiyullah bá fẹ́, kó bínú. Àwọn márùn-ún yòókù, kí Ọlọ́run san án fún wọn tí wọ́n fara da ìjà tí kì í ṣe tiwọn. Ìwọ ti gbọ́ tìrẹ. Inú ṣì ń bí wa. Àárò rẹ ń sọ wá lójoojúmọ́. A fẹ́ràn rẹ, olóríkunkun!