Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Bàbá

                                                  Ilé Gaughan,
                                                  Doolaghbeg,
                                                  Mayo, Ireland.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022.

Fidelma, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà níbẹ̀ yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Bláthnaid ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn, àbí ìdí ló ṣì fi ń wọ́ káàkiri ilé? Oòrùn Perth náà ńkọ́? Níbí, òjò ni. Òjò ni lánàá, òjò ni lónìí, ìgbà yòówù tí o bá sì ń ka lẹ́tà yìí, mọ̀ pé òjò ló ń rọ̀ lórí wa. Ara Màmá dá ṣáṣá, ẹnu wọn náà sì dá ṣáṣá. Ajá wa ti sanra débi pé bí àlejò bá dé, ó di ìgbà tí àlejò náà bá ń lọ kó tó gbó. Èmi náà wà, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí o mọ̀ pé tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá máa ń jókòó sí, wọ́n á sì máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Bàbá ni.

O rántí ọkọ̀ náà, èyí aláwọ̀ ewé tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú. Látìgbà tí Bàbá ti kú lóṣù Kọkànlá tó kọjá, Màmá ló ń wà á. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, àárín títì gan-an sì ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló yẹ kó wá ibi gbà. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà nílé fún ọkọ̀ náà. Mo sọ ọ́ títí pé ká ṣe èkejì, Màmá ní kí la fẹ́ fi ṣe.

Ó wá di ọjọ́ Sunday kan lóṣù Kẹfà. Kò sẹ́ni tó ń yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyẹn ò tíì yí padà. Ẹni tí wọ́n bá dí lọ́nà á kàn wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Jarlath Barrett, ọmọ ilé ẹ̀bá afárá, ló sún ọkọ̀ Màmá lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì tó fi gbé ní Dublin ló ba ọmọ yẹn jẹ́: ó sún ọkọ̀ tán, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ́ sápò, ó sì kọrí sí Dublin lọ wo bọ́ọ̀lù.

Báyìí ni Màmá ṣe dúró nínú òjò pẹ̀lú áìsìkiriìmù tí wọ́n rà fún oúnjẹ ọ̀sán, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Ìgbà tí Fadá fi máa gbé wọn délé, ó ti yọ́ sí wọn lórí kóòtù. Ti kóòtù kọ́ ló tiẹ̀ dùn wọ́n jù. Wọ́n ní Fadá ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lórí, àti pé obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára àwọn, ó sì juwọ́ sí àwọn. Jarlath ò gbé fóònù títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó sì gbé e, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Mayo wa ti fìdí rẹmi, ẹkún ló ń sun, ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń sunkún jà?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, a máa ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá ń lò ńkọ́ nígbà náà, wọ́n ní ó wà níbi tó yẹ kó wà. Mo tú inú agolo tíì, mo wo abẹ́ ère Ọmọ Jésù tí Màmá máa ń tọ́jú nǹkan sí, mo yẹ gbogbo àpò ẹ̀wù Bàbá wò. Màmá káwọ́ mọ́ àyà, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo eré. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Mo fìbínú jí kọ́kọ́rọ́ wọn gbé lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ láàárín ìlú. Ó gé tuntun kan fún mi, ó ń dán gbinrin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yí dáadáa, ẹ́ńjìnnì sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó sì panu mọ́. Mo tún un yí, ọ̀rọ̀ méjì náà ló tún sọ. Ohun tí èmi náà sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Màmá ń wò mí láti ojú fèrèsé, inú wọn ń dùn.

Jarlath, tí ẹ̀rí ọkàn ṣì ń dà láàmú, ló là mí lóye. Ó ní bí ọkọ̀ náà ṣe gbó tó yẹn, nǹkan kékeré kan bí ẹyọ ìrẹsì wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, òun sì ni ọkọ̀ fi ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, kò ní jẹ́ ipè rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Ballina, Fergal Loftus lorúkọ rẹ̀, tó ń gbé kọ̀ǹpútà káàkiri ilé onílé, tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tuntun han ọkọ̀. Mo ní kó bá mi pè é.

Fergal dé lọ́jọ́ Tuesday, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ tutù. Màmá fi tíì lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó sì fi jẹ odidi búrẹ́dì kan tán. Kí wọ́n tó gbà kó fọwọ́ kan ọkọ̀, Màmá tú ìdílé rẹ̀ palẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé ìyá ìyá rẹ̀ bá wa tan níbì kan, nípasẹ̀ àwọn òkú tí a ò mọ̀ rí. Ara tu gbogbo wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Fergal ki okùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ní, "Kọ́kọ́rọ́ méjì ni ọkọ̀ yìí mọ̀. Ẹ bá mi mú èkejì wá, Mama. Èyí tí kò bá sí níbí, màá pa á rẹ́, ọkọ̀ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́."

Màmá gbé ife tíì kalẹ̀. Wọ́n já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n sì ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́rí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo kan fèrèsé títí, wọ́n tan rédíò. Àsìkò tí wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó kú ládùúgbò ló sì bọ́ sí, o sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbẹ́nu lé ìyẹn. Fergal gan-an tẹ̀ mọ́ gíláàsì láti gbọ́ bóyá ó mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, Màmá yí fèrèsé wálẹ̀ díẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ bàbá yín wà lára bàbá yín."

Mo ní, "Lára wọn níbo?"

"Nínú àpò kóòtù. Lápá òsì."

Ìgbà tí a tẹ́ Bàbá sí pálọ̀ nínú pósí, tí ìwọ ń wò wá láti orí fóònù, o rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi nǹkan sí i fún wọn: káàdì tí wọ́n fi ń ta ayò, tábà, Jarlath fi aṣọ ọrùn Mayo sí i. Ìgbà tí èmi ń pín búrẹ́dì fún èrò ni Màmá ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù Bàbá.

Wọ́n ní, "Àádọ́ta ọdún lẹni yẹn fi ń jáde ní Mísà ṣáájú mi, táá lọ jókòó sínú ọkọ̀ dè mí. Mi ò ní gbà kó débẹ̀ kí ọkọ̀ wá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí."

Àbúrò mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú Màmá, mo sì rí i pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé Bàbá máa tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i lórí kọ̀ǹpútà Fergal. Mo dúró sínú òjò, mo sunkún. Àárò Bàbá ń sọ mí gan-an.

Fergal họ orí. Ó ní òun lè fi tuntun kún un láìpa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ìdí tí òun fi ń pa wọ́n rẹ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ tó sọnù lè bọ́ sọ́wọ́ olè.

"Mama, ẹni tí èyí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹ fọkàn tán an?"

"Mo fọkàn tán an," ni Màmá wí, "àyàfi tó bá ti mutí."

"Ṣé ó lè wá wa ọkọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀?"

Màmá rò ó dáadáa. "Tó bá wá, kó rọ epo sí i."

Bó ṣe fi ti Bàbá sílẹ̀ nìyẹn. Ó ki ẹyọ bí ìrẹsì kan sínú orí kọ́kọ́rọ́ tèmi, ó fi han ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì dáhùn, Màmá sì ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ àwọn. Méjì ló wà lọ́wọ́ wa, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá bi í léèrè bóyá orí ọkọ̀ ṣì lè gba òmíràn, ó ní ó lè gba tó mẹ́rin sí i. Màmá ní kó ṣe ọ̀kan sí i. Mo rò pé ti Jarlath ni, mo ti ń múra ìjà.

"Ti Fidelma ni," ni wọ́n wí.

Mo ní Australia mà ni Fidelma wà, Màmá. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Ẹni tó wà nínú ilẹ̀, ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹni tó wà ní Australia ni kò wá ní mọ̀?"

Òun ni mo fi bébà wé sínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ó ṣì ń dùn ọ́ pé o ò lè wá sin Bàbá, pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù ìbí. Kò sẹ́ni tó kà á sí ọ lọ́rùn nílé yìí, má ka ara rẹ mọ́ ẹ̀bi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko Bláthnaid lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Jarlath ní kí n kí ọ, ó ní kí o má bínú. Màmá náà kí ọ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé kò sí ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣí ní Perth.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,

Attracta.