Bàbá Rẹ Kò Ṣeré Lóko Mọ́

Olúṣínà ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìlú àjèjì. Ṣé ara le? Ọlọ́run tó mú ọ dé Ìlọrin kò ní jẹ́ kí o ṣòfò níbẹ̀. Èmi ìyá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, nítorí náà bí lẹ́tà kan bá fara ti èkejì, má bínú.

Ìlú wa Ìyàrá wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò ti rọ̀, gbogbo èèyàn ti ń kọ ebè iṣu. Ilé tiwa nìkan ni nǹkan kò lọ déédéé. Bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Àtìgbà tí o wálé fún Àjíǹde ni. O mọ bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ àáró rẹ̀ ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, lónìí lóko tiwa, lọ́la lóko Jethro. Bàbá rẹ á gbé ọkọ́ sétí bíi tẹlifóònù, á máa sọ fún ọ̀gá ìjọba pé àtàárọ̀ ni Jethro ti ń múra àtikọ ebè kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọlọ́pàá ràn án lọ́wọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, ebè á sì ti kún oko kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ tí o bá wọn lọ, ó gbé ọkọ́ náà sí etí tìrẹ, ó ní Ìlọrin ń pè ọ́. Ìwọ sì sọ lójú gbogbo wọn pé kí Bàbá fi ìwà ọmọdé sílẹ̀, pé iṣẹ́ kì í ṣe eré, pé eré yìí ni kò jẹ́ kí oko rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Àtọjọ́ náà ni bàbá rẹ ti ń kọ ebè bí ẹni tó ń gbẹ́ sàárè.

Nígbà tí mo sìn ọ́ dé ibùdókọ̀, o ní o fara wé bí ọ̀gá rẹ ṣe ń húkọ́ ní ọ́fíìsì, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ọ̀gá sì fún ọ ní kúẹ́rì. Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé kúẹ́rì máa ń ranni. O gbé e wálé, bàbá rẹ sì kó o. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàbà, dókítà gbé irin tútù kan lé e láyà, ó ní òun kò gbọ́ ohun tó burú. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó gún un ní abẹ́rẹ́ kúẹ́rì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, kò sí irú rẹ̀. Mo yára wo bàbá rẹ bóyá yóò bá a rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ìjọba ń fún yín ní lífù, pé ẹ ó jókòó sílé, wọn á sì san owó yín. Bẹ́ẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ ń sanwó eré. Ta wá ni ọ̀gá rẹ yìí tó ju ìjọba lọ?

Nígbà tí àáró tún kan oko wa, Jethro gbé ọkọ́ tirẹ̀ sétí, ó ní òun ń pe Bámgbóṣé, bàbá rẹ. Ó pè é títí. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ kì í ṣe eré. Kò sẹ́ni tó ṣeré mọ́, ìdajì oko ni wọ́n ṣe tí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yìn náà ni Jethro ránṣẹ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun, àwọn yòókù sì ti wọ ẹgbẹ́ mìíràn. Bàbá rẹ nìkan ló ń lọ sóko báyìí. Òjò ń kọjá lọ, n kò mọ iṣu tí a ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi gba alágbàṣe. Wọn á kọ ebè, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe bàbá rẹ ní nǹkan kan. Mo ti gbàdúrà, ó ti sú mi.

Kí Bíọ́lá ìyàwó rẹ fún mi. Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, yóò gbọ́ ohùn ìyá, yóò gbọ́ ohùn ọmọ. Bí ọmọ náà bá sì dàgbà tó ń fà ọ́ láṣọ pé kí o bá òun ṣeré, Olúṣínà, dákun, dìde.

Èmi ni,
Sarah, ìyá rẹ.