Ọjọ́ Tí Mo Fín Lọ́fínńdà Lọ Ra Sọ́séèjì

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Adéòjó,
Ìgbògbò, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Tìrìmísíyù,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé ara yín le, ṣé ẹja ń wọ àwọ̀n ní Ẹ̀pẹ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi wà láàyè, ara mi le, bí a bá yọ ti imú mi kúrò. Ọ̀rọ̀ imú náà ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ẹ má bínú pé mi ò pè yín lórí fóònù. Bí mo bá pè, ẹ̀rín ni ẹ ó máa rín kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ìwé ló dára, ẹ kò lè já lu ìwé.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ẹ má wá sílé àwọn òbí Rọ̀kíbátù mọ́ fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ tí a dá ọjọ́ rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn mi. Irọ́ ni mo pa fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Owú ló ń jẹ mí.

Ẹ mọ̀ pé ẹnu géètì ẹ́sítéètì tó wà nítòsí wa ni Rọ̀kíbátù ti ń din ẹyin àti sọ́séèjì, tó ń fi wọ́n sáàárín búrẹ́dì fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ sí Èkó. Èmi ni mo ń bá a ra sọ́séèjì náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, kí n tó lọ síbi tí mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Kì í ṣe pé kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi lọ. Imú mi ló ń lò. Sọ́séèjì tó dára, òórùn ẹran àti ata ló wà lára rẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò ta padà. Èyí tó ti yọ́, tí wọ́n tún sọ di yìnyín, òórùn kíkan kan máa ń sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀, bíi ti omi àná tí a fi fọ agbọ̀n ẹja. Ẹni tí Ìyá wa bá tọ́ kò lè ṣì í mọ̀.

Ẹ rántí òfin wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ yan ẹja lọ́jà Olúwo, ọṣẹ dúdú nìkan ni wọ́n fi ń wẹ̀. Wọn kì í pa ìpara olóòórùn, wọn kì í jẹ obì, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó kun àtíkè sún mọ́ wọn. Ṣebí ojú wa ni wọ́n ṣe lé Àǹtí Kúlúsúmù padà láti etí omi: "Kúlúsúmù, lọ bọ́jú ẹ. Imú tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́."

Ìtòsí Gáréèjì Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á wà. Hussein ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tajà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe kékeré! Wọ́n gbé ohun kan kọ́ ara ògiri tó ń tu òórùn òdòdó síta fúnra rẹ̀, ṣíì, ṣíì, bí ejò tó ń bínú. Ọṣẹ olóòórùn òroǹbó ni wọ́n fi ń nulẹ̀. Hussein fúnra rẹ̀, bí ó bá bọ̀ yín lọ́wọ́, lọ́fínńdà rẹ̀ á sìn yín délé. Orí máa ń fọ́ mi níbẹ̀, omi máa ń dà lójú mi bíi ti ẹni tó ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé n ó gba èémí sínú kí n tó wọlé bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn, n ó gbé páálí kan nínú fírísà, n ó sáré gbé e jáde sábẹ́ igi fúrúùtù níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, n ó sì gbóòórùn rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lábẹ́ igi náà sọ mí di yẹ̀yẹ́. Bàdírù, ọ̀gá wọn, a máa kígbe pé, "Agbóòórùn, ṣé ó ti jinná?"

Lọ́jọ́ kan, Rọ̀kíbátù bá mi lọ. Bí a ṣe jáde, ó ní, "Ọkùnrin yìí mọ ara tọ́jú o. Ó ń ta sánsán." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo wo ara mi, sìmẹ́ǹtì ló wà ní ṣòkòtò mi. Mo gbóòórùn ara mi, ẹja gbígbẹ tí Ìyá wa fi ránṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó tó gbé e, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá bi í pé ta ni, á ní oníbàárà ni. Mo yọjú wo fóònù náà lọ́jọ́ kan, mo rí ohun tó kọ síbẹ̀: Hussein Sọ́séèjì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní kí ẹ má wá.

Mo wá ra lọ́fínńdà tèmi lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ní gáréèjì, ìgò kan tí wọ́n ya ẹṣin sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù yìí, mo fín in sọ́rùn, mo fín in sábíyá, mo fín in sí áńkáṣíìfù pẹ̀lú. Bàdírù ní, "Mọ́ṣúdù, ilé ọkọ wo lò ń lọ?" Mo gbé àyà síwájú, mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ náà, mi ò gbé páálí jáde sábẹ́ igi. Mi ò fẹ́ kí Hussein rí mi níbi tí mo ti ń sá fún òórùn. Iwájú rẹ̀ ni mo ti ṣí i, mo ti imú bọ̀ ọ́, ẹṣin nìkan ni mo gbọ́. Ọwọ́ mi sọ fún mi pé ó rọ̀ jù. Agídí mi ní kí ọwọ́ panu mọ́. Hussein ń wò mí bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ó dára?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo ní, "Ó dára gan-an. Àbí imú mi lo fẹ́ dán wò?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Rọ̀kíbátù din ín. Ata àti àlùbọ́sà bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ, obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé kó tó kọjá sí Èkó. Ọkọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni Rọ̀kíbátù tọ́ ọ̀kan wò, tó tu ú dànù. Ó fi epo sílẹ̀ lórí iná, ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Níbi kòtò tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ ló ti bá wọn, tó ń lu ẹ̀yìn ọkọ̀: "Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ! Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ!" Moyọ̀sọ́rẹ ti ṣí abọ́ rẹ̀, ó ti gbé búrẹ́dì náà dé ẹnu. Ọlọ́run nìkan ló yọ wá.

Mo dé nígbà tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ti sọ́séèjì náà sí mi nímú: "Gbóòórùn ẹ̀." Mi ò gbọ́ nǹkan kan, torí mo tún ti fín lọ́fínńdà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sún mọ́ ọrùn mi, ó fà sẹ́yìn. "Mọ́ṣúdù, imú ẹ ni mo fi ń tajà. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn èèyàn yìí ni pé ẹnì kan ń bá mi yàn án, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọ wọn jẹ." Dípò kí n bẹ̀bẹ̀, mo ní, "Lọ fẹ́ Hussein tó ń ta sánsán."

Ó wá ní, "Hussein ò gbóòórùn." Láti ọdún àrùn tí gbogbo wa fi ń bo imú, imú Hussein kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lòun fín lọ́fínńdà tàbí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀rù ló ń bà á pé òórùn ẹran lè wà lára òun. Ìgbà tó rí mi lábẹ́ igi ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe Rọ̀kíbátù pé kó bá òun bẹ̀ mí, kí n máa bá òun yẹ ọjà wò. Ó ní kó má tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ọ̀gá òun má baà lé òun. Rọ̀kíbátù ní, "Ó ní òun ń jowú imú ẹ."

Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà ohun tó ba ọjà jẹ́. Iná ti lọ fún ọjọ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù náà, jẹnẹrétọ̀ sì ti bàjẹ́. Ìbéèrè tòótọ́ ni ọkùnrin yẹn bi mí, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló sì fi ń ta ìyókù. Mo sáré lọ bá a. Ó ti ta páálí mẹ́ta. A jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a wá wọn kiri, Agbowa ni a ti rí èyí tó kẹ́yìn, wọn kò tíì ṣí i. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọrí síta díẹ̀, ojú ń ta mí."

Inú kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti jẹ́wọ́ fún Hussein pé mo rò pé ìyàwó mi ló ń wá. Kò bínú. Ó ní òun níyàwó, wọ́n sì bí Ameerah fún òun lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. "Gbogbo ẹni tó bá gbé e ló ń ti imú bọ orí ẹ̀, wọ́n á ní òórùn ọmọ tuntun mà dùn o. Èmi ò mọ̀ ọ́n." A padà dé gáréèjì. Mo bá a wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀, mo ní èmi ni mo ní ó dára, kí wọ́n bá mi wí. Ọ̀gá náà pariwo títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti yọ ejò tó ń tu òórùn lára ògiri, èmi ni mo sì ń bá wọn yẹ ọjà wò báyìí, lábẹ́ igi fúrúùtù.

Mo ti ju ìgò ẹlẹ́ṣin sí ṣáláńgá. Ṣùgbọ́n owú yẹn kò tíì kú o, mi ò ní purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Bí fóònù bá dún, ojú mi ṣì ń lọ síbẹ̀. Rọ̀kíbátù ní, "Mú àwọn èèyàn ẹ wá. Ẹni tí kò tíì gbé ìyàwó, kí ló ń ṣọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, kí ẹ sì mú Ìyá wa dání. Rọ̀kíbátù náà ló sọ fún mi pé òórùn ẹja gbígbẹ ni òun fi ń mọ̀ pé mo ti ń bọ̀, tí òun á fi gbé omi tíì mi kaná.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi máa tòrò fún yín. Kí orúnkún Ìyá wa gbé wọn dé Ìkòròdú, kó sì gbé wọn jó. Kí a máa bá ohun tó fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́ níbi kòtò, kí ó tó kọjá.

Èmi ni àbúrò yín olórí kunkun, tí kì í fi yín sílẹ̀,
Mọ́ṣúdù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Hussein yóò bá wa dé ilé àna mi, yóò gbé Ameerah dání. Mo ti gbìyànjú láti sọ fún un bí orí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rùn, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó tó. Ẹ bá mi bẹ Ìyá wa kí wọ́n fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé ọmọ yẹn, kí wọ́n sì bá mi sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.